Onítìmùtìmù Lábẹ́ Táńkì

Onítìmùtìmù kì í ṣe ẹni tí kì í sùn. Ó ń sùn, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kì í bá a sùn. Ojú á di, ẹnu á là díẹ̀, ọkọ rẹ̀ á rò pé oorun ti gbé e lọ pátápátá, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ méjèèjì wà lórí páànù lókè níbẹ̀, ó ń ṣọ́ táńkì.

Iṣẹ́ àga ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí fóòmù àga rẹ bá ti tẹ́ pẹrẹsẹ, tí irin abẹ́ rẹ̀ ti ń gún ọ nídìí, òun lo máa gbé e lọ bá. Á tú aṣọ àtijọ́ kúrò, á gé fóòmù tuntun, á na aṣọ mọ́ ọn títí ara rẹ̀ á fi dán bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tuntun. Ìdí nìyí tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Onítìmùtìmù, tí orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ kì í jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́. Ọkọ rẹ̀ ni Káfíńtà. Òun ló ń kan igi àga. "Èmi ni mò ń bí i, ìyàwó mi ló ń wọ̀ ọ́ láṣọ," ló máa ń sọ fún àwọn oníbàárà, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín.

Ilé wọn kò tóbi. Yàrá iwájú ni ṣọ́ọ̀bù, yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n ń sùn, lẹ́yìn rẹ̀ ni àgbàlá kékeré kan tí Káfíńtà ti ń fá igi. Àwọn ọmọ wọn méjèèjì ti dàgbà, wọ́n ti lọ ń ṣiṣẹ́ níbi tó jìnnà. Lẹ́yìn àgbàlá ni fẹ́ńsì, lẹ́yìn fẹ́ńsì ni ilé iṣẹ́ yìnyín. Ẹni tó ni ín, ọkùnrin sísanra kan tí ohùn rẹ̀ tutù bí ọjà tó ń tà, ni wọ́n ń pè ní Oníyìnyín.

Yìnyín kò ṣeé ṣe láìsí omi. Oníyìnyín gbé táńkì ńlá kan gun orí òpó irin mẹ́rin, ó ga ju gbogbo òrùlé àdúgbò lọ. Ibi tó gbé e sí ló burú. Ó sún mọ́ fẹ́ńsì débi pé ìdajì ikùn táńkì náà yọ sórí òrùlé Onítìmùtìmù. Ní ìdájí, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi, omi á máa gun òkè, òpó irin á máa kérora bí arúgbó tí wọ́n gbé ẹrù lé lórí. Lẹ́yìn náà ni omi á máa kán sórí páànù, tó, tó, tó. Ìpẹtà ti sọ ojú páànù di pupa.

Ọ̀sán kan ni nǹkan ṣẹ̀. Káfíńtà wà ní àgbàlá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi tó ti ń fá ẹsẹ̀ àga. Pákó irin tí àwọn òṣìṣẹ́ máa ń dúró lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì já, ó sì bọ́ lé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ká ní ó tẹ̀ síwájú díẹ̀ ni, orí ni ì bá bọ́ lé. Kò kígbe. Nígbà tí Onítìmùtìmù sáré jáde, ó bá a níbi tó ti ń wo ọwọ́ náà bíi pé ti ẹlòmíràn ni.

"Wá wò ó," ó ní. "Kò dùn mí."

Gbólóhùn yẹn ló já obìnrin náà láyà ju ẹ̀jẹ̀ lọ.

Oníyìnyín kò sá o. Òun fúnra rẹ̀ ló fi mọ́tò rẹ̀ gbé wọn dé ọsibítù, òun ló bá dókítà sọ̀rọ̀, òun ló jókòó ti bẹ́ẹ̀dì títí ilẹ̀ fi ṣú. "Ìyàwó wa," ó ní, "ẹ má pariwo, ẹ má jẹ́ káyé gbọ́. Fẹ́ńsì kan ló là wá láàárín. Màá tún táńkì yẹn ṣe. Ohun tó bá yẹ kí n ṣe fún Káfíńtà, màá ṣe é. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí ọwọ́ mú lọ sẹ́nu ná."

Nígbà tó lọ tán, Káfíńtà ní kí wọ́n wá lọ́yà. Ìyàwó rẹ̀ ló kọ̀.

"A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́," ó ní. "Omi rẹ̀ ló wà lórí wa yìí. Ṣé ẹni tí omi rẹ̀ wà lórí ẹni la ń bá jà? Ẹ jẹ́ ká ní sùúrù, Bàbá wa."

Káfíńtà wò ó, ó wo báńdéèjì ọwọ́ rẹ̀, ó sì gbà.

Egbò náà jiná, ṣùgbọ́n ọwọ́ kò san. Ìka mẹ́ta kò ká mọ́. Òòlù tó bá gbé, á yọ bọ́ sílẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ra igi àga lọ́wọ́ àwọn káfíńtà mìíràn, Káfíńtà á sì máa fi ìka lu igi tí wọ́n rà náà, á máa yínmú. Oníyìnyín ń wá kí wọn. Bí oòrùn bá mú, á fi yìnyín ránṣẹ́. Á jókòó sórí àga tó dára jù ní ṣọ́ọ̀bù, á mi ẹsẹ̀, á béèrè ọwọ́, á ní, "Ó kù díẹ̀, ìyàwó wa. Ó kù díẹ̀." Ẹ̀ẹ̀rùn lọ, òjò dé, òjò lọ, ẹ̀ẹ̀rùn tún dé. Lọ́jọ́ kan àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ gun táńkì lọ pẹ̀lú agolo ọ̀dà. Wọ́n kùn ún ní aláwọ̀ ewé láti òkè délẹ̀, ìyẹn náà ni àtúnṣe. Káfíńtà gbójú sókè, ó ní, "Wọ́n ti fi àtíkè kun ojú òkú." Onítìmùtìmù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ikùn.

Òpó kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Onítìmùtìmù rí i. Ó fa bẹ́ẹ̀dì wọn kúrò láàárín yàrá, ó tì í mọ́ ògiri tó kọjú sí títì, ó ní ooru ló ń mú òun. Káfíńtà kò bi í léèrè bóyá ooru kì í dé ẹ̀gbẹ́ ògiri.

Bó ṣe wà nìyí títí obìnrin kan fi kó àga wá. Àga ọ́fíìsì rẹ̀ ni, tí àwọn èèyàn fi ń jókòó dúró dè é, aṣọ ti gbó lára gbogbo wọn. Obìnrin náà kò tíì pé ogójì ọdún, ó fi gíláàsì sójú, ó ní lọ́yà ni òun. Káfíńtà ti jáde lọ ra igi. Bí wọ́n ṣe ń wọn aṣọ lọ́wọ́ ni òjò ṣú, afẹ́fẹ́ líle fẹ́, òpó irin sì ké. Igbe náà wọ inú ilé wá bí igbe ẹran. Lọ́yà fò sókè, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Mà, kí nìyẹn?"

"Táńkì ni. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

"Ẹ̀yin sì ń jókòó sábẹ́ rẹ̀?"

Kò sí ẹni tó tíì bi í bẹ́ẹ̀ rí. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, omi ló bọ́ lójú rẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀: pákó irin, ọwọ́, ẹ̀bẹ̀, yìnyín. Lọ́yà kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ìgbà tó sọ̀rọ̀ tán ló wá béèrè pé ìgbà wo ni irin náà já.

"Ó ti ṣe díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn kẹrin látìgbà náà ló kọjá yìí."

Ojú Lọ́yà yí padà. Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó ń nù ún, bẹ́ẹ̀ kò sí ìdọ̀tí lára rẹ̀. "Ṣé ẹ ti pe ẹjọ́?"

"Ẹjọ́ kẹ̀? Ẹni tó ń bẹ̀ wá? Kò fìgbà kan sẹ́ pé òun kọ́."

"Mà, ẹ̀bẹ̀ kì í dá ọjọ́ dúró. Òfin ìpínlẹ̀ wa fún ẹni tí ẹlòmíràn bá ṣe léṣe ní ọdún mẹ́ta láti gbé ẹjọ́ rẹ̀ dé kóòtù. Ọjọ́ tó fara pa ni wọ́n ti ń kà á. Tó bá ti kọjá, ilẹ̀kùn ti tì."

"Ọwọ́ ọkọ mi ṣì wà bó ṣe wà, kò san. Báwo ni ẹjọ́ rẹ̀ ṣe máa wá kú?"

"Òfin kò sọ pé ọwọ́ ti san. Ó ní kí ẹni tó ní ẹjọ́ tètè wá nígbà tí ẹlẹ́rìí ṣì rántí, tí irin tó já ṣì wà nílẹ̀. Ó ní kò dáa kéèyàn máa fi gbogbo ayé rẹ̀ bẹ̀rù ẹjọ́ tí kò mọ ọjọ́ tó máa dé."

Onítìmùtìmù gbójú sókè sí páànù. "Èmi ńkọ́, tí mò ń fi gbogbo ayé tèmi bẹ̀rù?"

Lọ́yà fi gíláàsì rẹ̀ padà sójú. "Ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ kí ẹ̀yin àti bàbá wá rí mi. Ọ̀rọ̀ táńkì tó wà lórí yín lónìí yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ọwọ́. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́."

Ṣùgbọ́n Onítìmùtìmù kò gbọ́ apá ìkẹyìn yẹn dáadáa. Ilẹ̀kùn tó ti tì ló ń dún létí rẹ̀. Nígbà tí Lọ́yà lọ tán, ó jókòó láàárín àwọn àga tí wọ́n ti bọ́ láṣọ. Ta ló tì í? Òun ni. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì ọsibítù pé kí wọ́n ní sùúrù. Báwo ló ṣe máa wí i fún ẹni tó ń fi ọwọ́ òsì jẹun?

Kò wí i. Ó ń ránṣọ, abẹ́rẹ́ ń gún un. Ó se oúnjẹ, iyọ̀ pọ̀ jù. Bí Káfíńtà bá pè é, á rò pé ó ti gbọ́. "Kí ló ń ṣe ẹ́?" ọkọ rẹ̀ bi í. "Ó rẹ̀ mí ni." Ẹ̀rù táńkì ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ̀rù ojú ọkọ rẹ̀ wá gorí rẹ̀. Èyí kejì sì burú jù, nítorí a lè gbé bẹ́ẹ̀dì sá fún táńkì.

Nígbà tí Oníyìnyín tún wá, tó ti jókòó, tó ti ń mi ẹsẹ̀, Onítìmùtìmù gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Káfíńtà wà ní àgbàlá.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ṣé ẹ mọ̀ pé ọdún mẹ́ta péré lòfin fún irú ọ̀rọ̀ tiwa yìí?"

Ẹsẹ̀ tó ń mì dúró. Ẹ̀rín kò kúrò lójú ọkùnrin náà, ẹsẹ̀ nìkan ló dúró. "Ta ló ń kọ́ yín nírú èyí, ìyàwó wa? Ṣé ẹ rí i pé mò ń sá ni?"

"Rárá o, sà. Mo kàn béèrè ni."

"Ó kù díẹ̀," ó ní, ó sì dìde. Kò fi yìnyín ránṣẹ́ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ìjì ńlá dé lẹ́yìn ìyẹn. Ọ̀sán gangan ni, ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ dúdú bí ìkòkò. Tọkọtaya náà wà ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n jọ ń na aṣọ mọ́ àga, Onítìmùtìmù ń fà á, Káfíńtà ń fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Òpó ké, ó ké ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nǹkan dún gbàgà lórí yàrá ẹ̀yìn, wọ́n yọjú síbẹ̀. Irin tó tóbi tó ọwọ́ ọmọdé, tí wọ́n fi de ẹsẹ̀ táńkì, ti lu páànù já, ó ti bọ́ sórí ilẹ̀, àárín yàrá níbi tí bẹ́ẹ̀dì wà tẹ́lẹ̀.

Wọn kò ti ilẹ̀kùn. Wọ́n sá. Wọ́n sọdá títì nínú òjò, wọ́n dúró sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹni tó ń tún rédíò ṣe, aṣọ lẹ̀ mọ́ wọn lára, wọ́n ń wo ilé ara wọn lókèèrè bí ẹni ń wo ọkọ̀ tó fẹ́ rì. Táńkì ń fì. Ó tẹ̀ sọ́tùn-ún, ó padà. Eyín Onítìmùtìmù ń lu ara wọn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀.

"Ọjọ́ ti kọjá lórí ọwọ́ yín, Bàbá wa. Lọ́yà sọ ọ́ fún mi. A ò lè pe ẹjọ́ ọwọ́ mọ́. Èmi ni mo fà á."

Káfíńtà kò yí ojú kúrò lára táńkì. "Ìgbà wo ló sọ ọ́ fún ẹ?"

"Ọjọ́ tó kó àga wá."

"Látọjọ́ yẹn?"

"Ẹ̀rù bà mí."

"Ẹ̀rù mi?"

Káfíńtà bọ́ sínú òjò, ó ń rìn lọ lójú títì, apá ọ̀tún rẹ̀ ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ pè é, òjò gba ohùn náà mọ́ ọn lẹ́nu. Ó dúró síbẹ̀, kò mọ èyí tí òun ì bá máa wò, ọkọ tó ń lọ ni tàbí irin tó ń fì.

Ìjì rọlẹ̀, táńkì kò wó. Káfíńtà padà wálé nírọ̀lẹ́, ó bọ́ aṣọ tútù, ó fi páálí dí ihò páànù, kò sì bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n fi gbé bẹ́ẹ̀. Bó bá fẹ́ àlùmọ́gàjí, á nawọ́. Bó bá fẹ́ omi, á lọ bù ú fúnra rẹ̀. Onítìmùtìmù ní ká ní ó lu òun ni, ì bá sàn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ló kàn rí i pé ọkọ rẹ̀ ti wọ bàtà tó fi ń lọ òde.

"Níbo ni ọ́fíìsì lọ́yà rẹ wà?" ó ní. "Dìde. Bí a bá ń sunkún, à ń ríran."

Lọ́yà kò tàn wọ́n. "Ti ọwọ́, màá kọ ọ́ síwájú kóòtù," ó ní. "Adájọ́ kì í dédé fi ọjọ́ tó kọjá lé ẹjọ́ dànù, ẹni tí a pè lẹ́jọ́ ló gbọ́dọ̀ sọ pé ọjọ́ ti kọjá. Bí agbẹjọ́rò rẹ̀ bá gbàgbé, orí ti bá yín ṣe é. Ṣùgbọ́n kò ní gbàgbé. Ti táńkì ni agbára wa wà. Irin tó bọ́ lóṣù yìí, oṣù yìí ni ọjọ́ tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ojoojúmọ́ tí táńkì yẹn bá fi yọ sórí ilé yín, ojoojúmọ́ ló ń ṣẹ̀ yín lákọ̀tun."

"Tó bá wó kí kóòtù tó pè wá ńkọ́?" Onítìmùtìmù béèrè.

"Màá ní kí adájọ́ tètè gbọ́ ọ. Kí ẹ tó débẹ̀, ẹ má sùn nínú ilé yẹn."

Wọ́n lọ ń sùn lọ́dọ̀ àbúrò Káfíńtà, lórí ilẹ̀ pálọ̀. Lójú mọmọ wọ́n á padà wá ṣiṣẹ́, nítorí ẹni tí kò ṣiṣẹ́ kò ní jẹun. Lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù gan-an ni wọ́n ti ń ránṣọ, ẹsẹ̀ kan nínú, ẹsẹ̀ kan níta.

Onítìmùtìmù kò wọ kóòtù rí. Ó rò pé ibẹ̀ á tóbi bí pápá. Yàrá kékeré ni, tí fáànù rẹ̀ ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Gbogbo ìgbà tí fáànù bá dún, ó ń wo òkè. Oníyìnyín jókòó lódìkejì. Ó kí wọn. Ohùn rẹ̀ tutù bó ṣe máa ń tutù.

Agbẹjọ́rò rẹ̀, ọkùnrin tínínrín kan, kò gbàgbé. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ nìyẹn. Ó ní òfin ìpínlẹ̀ fún ẹni tó fara pa ní ọdún mẹ́ta, ọdún mẹ́ta ti kọjá, kí adájọ́ lé ẹjọ́ ọwọ́ dànù. Oníyìnyín ń wo bàtà ara rẹ̀.

Adájọ́, obìnrin àgbàlagbà kan, kọjú sí Onítìmùtìmù níbi tó dúró sí. "Mà, kí ló dé tí ẹ fi pẹ́ tó báyìí?"

Ó ti há ìdáhùn kan sórí, ó fò lọ. "Ẹ̀rù ló bà mí, Olúwa mi."

"Ẹ̀rù ta ni?"

"Ẹ̀rù táńkì. Ẹ̀rù ẹni tó ni ín. Ẹ̀rù ibí yìí náà."

Adájọ́ kọ nǹkan sílẹ̀. "Ó dùn mí láti sọ ọ́," ó ní, "ṣùgbọ́n òfin kò ka ẹ̀rù yìí mọ́ ohun tó ń dá ọjọ́ dúró." Ó sì lé ẹjọ́ ọwọ́ dànù. Onítìmùtìmù di igi iwájú rẹ̀ mú. Ó ń dúró de ohùn ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn. Ó ṣe díẹ̀, ó gbọ́ tí Káfíńtà wúkọ́. Ìyẹn nìkan.

Ti táńkì kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnjiníà tí kóòtù rán lọ wò ó wá sọ ohun tó rí: òpó méjì ti jẹrà nínú, ọ̀dà ló dì wọ́n mú. Agbẹjọ́rò tínínrín náà tún dìde, ó ní òpó ti tẹ̀ látìgbà pípẹ́, ọjọ́ rẹ̀ náà ti kọjá. "Ṣé kò tẹ̀ láàárọ̀ yìí?" adájọ́ bi í. Ó pàṣẹ kí wọ́n kọ́kọ́ da omi inú rẹ̀ nù lọ́jọ́ náà, kí wọ́n sì tú u kúrò, kí Oníyìnyín tún òrùlé tó já ṣe.

Nígbà tí wọ́n jáde, Oníyìnyín dá wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyàwó wa, ẹ̀ bá ti sọ fún mi."

Onítìmùtìmù ṣí ẹnu, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀ ẹ́. Káfíńtà ló dáhùn. "A sọ fún yín. Ẹ ní ó kù díẹ̀."

Bí wọ́n ṣe ń lọ sílé, ó bi ọkọ rẹ̀ bóyá inú ṣì ń bí i sí òun.

"Ó ń bí mi," Káfíńtà ní. "Ṣùgbọ́n èmi náà lẹ́nu lọ́jọ́ ọsibítù yẹn. Mo gbọ́, mo sì gbà. Rọra máa rìn, mọ́tò ń bọ̀."

Àwọn tó ń jó irin tú táńkì náà palẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé èyí tó kẹ́yìn lọ, oòrùn wọ àgbàlá tí kò dé láti ọdún gbọọrọ, débi pé wọ́n ń sá fóòmù síbẹ̀. Oníbàárà tó bá wọlé á ní ilé ti mọ́lẹ̀ o. Onítìmùtìmù á ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n bí irin kan bá dún lójú títì, ìbáà ṣe agolo àtijọ́ tí ọkọ̀ gùn lórí, abẹ́rẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó mọ̀ pé òun dìde. Káfíńtà kì í fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Á fi ọwọ́ òsì wá abẹ́rẹ́ náà nílẹ̀ títí yóò fi rí i, á gún un mọ́ ara aṣọ, á sì dúró dè é.